Ìròyìn ẹgbẹ́ kún inú ímeèlì mi, àǹfààní ibẹ̀ kì í sì í kàn mí

Ìbéèrè: Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé kékeré kan nínú ilé-ẹ̀kọ́, àwa méjì péré la wà nídìí iṣẹ́ náà. Mo ti san owó ẹgbẹ́, mo sì wà nínú àtòjọ ímeèlì mẹ́rin. Ojoojúmọ́ ni ìkéde ń wọlé: àpérò lónìí, wẹ́bínà lọ́la, ìrànwọ́ owó lọ́tùn-únla. Kí n tó ráyè kà á, ọjọ́ ti lọ. Èyí tí mo bá sì bá nílẹ̀, owó ni wọ́n ń béèrè, ọ̀gá mi sì ti ní kò sí owó ìrìn-àjò. Báwo ni ìròyìn wọ̀nyí ṣe lè ṣe mí láǹfààní? Ẹ̀kọ́ wo ni mo sì lè kọ́ láìsan owó gọbọi?

Ìdáhùn: Ìròyìn ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń kà bí ìwé ìròyìn. Ọjọ́ là ń yọ nínú rẹ̀. Ẹni tó kà á látòkè délẹ̀, tí kò kọ ọjọ́ kankan síbi tí yóò ti tún rí i, bí ẹni tí kò kà á ló rí. Ọjọ́ tó sì ṣe pàtàkì jù kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè ìkéde. Bí àpérò bá wà ní oṣù kẹjọ, ọjọ́ àpérò ni wọ́n máa fi lẹ́tà ńlá kọ. Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó máa tì lè ti wà ní oṣù kìíní tàbí ìkejì, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ líǹkì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ̀. Nígbà tí ariwo àpérò bá fi dé etí gbogbo ayé, owó tó ṣeé gbà ti tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìkéde lójoojúmọ́ tí ẹ kì í sì í bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ta ló ń kéde kí ni

Ní ipele àgbáyé, IFLA ló kó àwọn ẹgbẹ́ ilé-ìkàwé jọ. Edinburgh ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1927, olú-ilé rẹ̀ sì wà ní ìlú The Hague ní Nẹ́dálándì. Ìròyìn IFLA pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè máa tẹ̀lé lọ, ẹ má forúkọ sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Wọ́n pín iṣẹ́ sí ẹ̀ka: ti ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wà, ti kátálọ́ọ̀gù wà, ti àwọn ọmọdé wà. Méjì tó kan ọ̀rọ̀ yín jù ni ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní CPDWL, tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, àti ikọ̀ New Professionals tó wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́. Àwọn méjèèjì máa ń ṣe wẹ́bínà ọ̀fẹ́. Ní ipele kọ́ńtínẹ́ǹtì, AfLIA ló wà fún Áfíríkà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2013, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Accra. EBLIDA ló wà fún Yúróòpù. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, irú bíi ALA ti Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1876, tàbí CILIP ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 2002 nígbà tí ẹgbẹ́ méjì para pọ̀.

Inú ẹ̀ka ẹgbẹ́ gan-an ni ẹran wà. Lábẹ́ ALA, ACRL ni ti ilé-ìkàwé yunifásítì, PLA ni ti ilé-ìkàwé ìlú, AASL ni ti ilé-ìwé. Kàlẹ́ńdà kálukú sì yàtọ̀: PLA ń ṣe àpérò tirẹ̀ ní ọdún tó bá ṣeé pín sí méjì, ACRL ń ṣe tirẹ̀ ní ọdún tí kò ṣeé pín sí méjì. Ẹni tí kò mọ èyí lè jókòó ti ìkéde ACRL látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, kó máa rò pé wọ́n gbàgbé òun ni.

Àtòjọ mẹ́rin tí ẹ wà pọ̀ jù. Mẹ́ta ti tó: ọ̀kan ti ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè yín, ọ̀kan ti irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe gan-an, ọ̀kan ti àgbáyé tàbí ti kọ́ńtínẹ́ǹtì. Èyí tó bá jẹ́ àtòjọ ìjíròrò, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ti ń kí ara wọn kú oríire, ẹ lọ sínú ètò rẹ̀ kí ẹ yí i sí digest, kó lè máa wá lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ímeèlì fúnra rẹ̀ máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ Gmail lẹ ń lò, ẹ ṣí lẹ́tà kan láti inú àtòjọ náà, ẹ tẹ àmì róbótó kékeré mẹ́ta tó tò léra wọn, ẹ yan Filter messages like these. Ẹ wo inú àpótí tó bá yọ dáadáa: orúkọ àtòjọ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà ọjọ́ yẹn ló wà níbẹ̀, lẹ́tà ẹni yẹn nìkan ni yóò máa yà sọ́tọ̀, ìyókù á ṣì máa ya wọlé bí omi. Ẹ tẹ Create filter, ẹ wá máàkì Skip the Inbox, ẹ fún un ní label (àmì orúkọ tí àwọn lẹ́tà náà á máa wà lábẹ́ rẹ̀) tirẹ̀, kí ẹ sì máàkì Never send it to Spam. Má fi ti ìkẹyìn yìí ṣeré o: ìkéde ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà jọ ìpolówó lójú ẹ̀rọ, ó sì máa ń sọ wọ́n síbi ìdọ̀tí.

Ẹ ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ má ṣí label yẹn rárá.

Kíka ìkéde kan

Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, ohun márùn-ún ni kí ojú yín máa wá nínú ìkéde kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ ìparí àti aago ibi tí wọ́n fi kà á, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ohun tí owó náà máa san, ìwé tí wọ́n fẹ́, àti ìgbà tí wọ́n máa fèsì. Bí ọ̀kan bá ti já, ẹ pa ìkéde náà rẹ́, ẹ má kàánú rẹ̀. Bí márààrún bá dúró, ẹ kọ ọ́ sí kàlẹ́ńdà fóònù yín lẹ́ẹ̀mejì: ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú ìparí, àti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ti àkọ́kọ́ wà nítorí lẹ́tà ẹlẹ́rìí (reference), torí pé ẹni tí ẹ máa ní kó kọ ọ́ fún yín yóò fẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ti ìkejì wà nítorí pé ojúlé ìforúkọsílẹ̀ máa ń wọ́ tàbí kó dákú lọ́jọ́ ìparí, nígbà tí gbogbo ayé bá jùmọ̀ já lù ú.

Ọ̀rọ̀ aago ń gba àǹfààní lọ́wọ́ èèyàn ju bí a ṣe rò lọ. Bí ẹ bá rí AoE lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìparí kò tíì dé níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ náà bá ṣì kù síbì kan láyé. Aago UTC−12 ni, ìyẹn wákàtí méjìlá sẹ́yìn UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Aago 23:59 AoE ti ọjọ́ Ẹtì jẹ́ aago 11:59 òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ní UTC. Àánú nìyẹn. Ibi tí kò ti sí àánú ni wẹ́bínà tí wọ́n kọ ET sí, ìyẹn aago ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Aago méjì ọ̀sán ET jẹ́ 19:00 UTC nígbà òtútù wọn, ó sì jẹ́ 18:00 UTC nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí wọ́n ń sún aago síwájú sẹ́yìn. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta ni Amẹ́ríkà ń sún tirẹ̀. Yúróòpù ń dúró di Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù náà. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àárín yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọlé nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti parí. Ẹ má fi orí ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, ẹ tẹ líǹkì Add to calendar tó wà nínú lẹ́tà ìdáhùn, fóònù yín á yí i sí aago tiyín fúnra rẹ̀.

Ní ti ohun tí owó máa san, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà scholarship. Nínú ìkéde kan ó lè jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ilé ìtura àti oúnjẹ. Nínú òmíràn, owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni, ẹ̀yin lẹ máa wá ìyókù. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù fún kí ẹ tó lọ bá ọ̀gá. Ní ti ẹ̀tọ́, gbólóhùn tó ń dá èèyàn padà jù ni èyí tó ní kí ẹ ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yóò tì. Owó ẹgbẹ́ tó ti parí lóṣù tó kọjá tó láti ba gbogbo ìsapá jẹ́. Ọjọ́ ìsanwó náà yẹ nínú kàlẹ́ńdà.

Àpérò: ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá

Ẹ mú àpérò tó wà ní oṣù kẹjọ bí àpẹẹrẹ. Ìpè fún iṣẹ́, ìyẹn call for papers, sábà máa ń jáde láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, á sì tì ní bí oṣù kejì tàbí ìkẹta. Èsì máa ń dé ní bí oṣù kẹrin. Owó ìforúkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tì ní bí oṣù karùn-ún. Físà ń kọ́? Bí orílẹ̀-èdè náà bá ń béèrè físà lọ́wọ́ yín, oṣù mẹ́ta ṣáájú kò tíì pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ń fẹ́ kí ó ku oṣù mẹ́fà kí ìwé ìrìnnà yín tó parí, ẹ wo òfin ibi tí ẹ ń lọ. Kókó kan wà níbí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀: ọ̀pọ̀ olùṣètò kì í fúnni ní lẹ́tà ìpè tí ilé-iṣẹ́ físà ń béèrè àyàfi téèyàn bá ti sanwó ìforúkọsílẹ̀. Bí wọn kò bá wá fún yín ní físà, ṣé wọ́n máa dá owó padà? Èsì ìbéèrè yìí wà nínú ìwé àdéhùn ìforúkọsílẹ̀, ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Kódà àpérò ńlá lè yẹ̀. Ti IFLA wáyé ní Rotterdam ní 2023, kò sí rárá ní 2024, Astana ló gbà á lálejò ní 2025. Nítorí náà ni kò fi yẹ kéèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà ní ọdún kan ṣáájú torí pé ó dínwó.

Ẹ má rò pé ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ láti wá sọ̀rọ̀ kì í sanwó. Ní àpérò IFLA àti ní ọ̀pọ̀ àpérò ẹgbẹ́ mìíràn, olùbánisọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń forúkọ sílẹ̀, tó ń gbé ara rẹ̀ débẹ̀. Èrè tó wà nínú rẹ̀ ni pé lẹ́tà tó ní wọ́n ti gba iṣẹ́ yín ni ìwé tó lágbára jù tí ẹ lè fi tọrọ owó lọ́wọ́ ọ̀gá tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń fúnni ní ìrànwọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìsọnísókí iṣẹ́ (abstract), wọn kì í sábà gbà ju ọ̀rọ̀ 300 lọ, òmíràn kò gbà ju 250. Ẹ fi nǹkan bí 50 sọ ìṣòro tó wà nílẹ̀, 80 fún ohun tí ẹ ṣe, 120 fún ohun tó ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú iye, kí ìyókù jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn lè mú lọ ṣe ní ilé-ìkàwé tirẹ̀. Ohun tó ń pa ìsọnísókí jù ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìlérí: “iṣẹ́ yìí yóò ṣàyẹ̀wò”, “a ó jíròrò lórí”. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fẹ́ rí ohun tí ẹ ti rí. Ilé-ìkàwé èèyàn méjì kì í ṣe àlèébù níbí. Ohun kékeré tí ẹ wọ̀n dáadáa, bí iye ìwé tí wọ́n yá kí ẹ tó tún pẹpẹ tò àti lẹ́yìn rẹ̀, sàn ju ọ̀rọ̀ gbàràmù-gbaramu lórí ọjọ́ iwájú ilé-ìkàwé. Bí wọ́n bá sì ní kí orúkọ má hàn, ẹ yọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín náà kúrò, ẹ wo inú ìsọfúnni fáìlì náà pẹ̀lú, torí Word máa ń fi orúkọ ẹni tó kọ ọ́ pamọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ iṣẹ́ kan jáde, àwọn lẹ́tà mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: “Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀wọ́n, iṣẹ́ yín wú wa lórí.” Púpọ̀ nínú wọn jìbìtì ni. Àmì rẹ̀ kò farasin: àpérò kan náà fún ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ilé-ìkàwé, wọ́n gba iṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, orúkọ tó fẹ́ jọ ti àpérò gidi, lẹ́tà kan tàbí méjì ló yàtọ̀, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó jẹ́ pé tiwọn ni, owó ni gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ojúlé Think. Check. Attend. ní àwọn ìbéèrè tí ẹ lè fi yẹ àpérò wò, Think. Check. Submit. ní ti jọ́nà. Fún jọ́nà tí gbogbo èèyàn lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú DOAJ, àtòjọ irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ tó ti wà láti 2003. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn wà níbẹ̀ tí ẹ kò sì rí wọn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ̀kọ́ tí kò gba owó

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé ọkàn yín lé ju ìrìn-àjò lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn máa gbé wẹ́bínà tó bá ti dé. Wẹ́bínà kan lórí ẹ̀tọ́ àwòkọ, òmíràn lórí àwọn ọmọdé, òmíràn lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ní ìparí ọdún, sáàtífíkéètì ogún, iṣẹ́ kan ṣoṣo kò sì yí padà. Ẹ wo ohun tó ń dà yín láàmú lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ mú ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kí ìyẹn pinnu ohun tí ẹ máa forúkọ sílẹ̀ fún. (Lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí kálukú ń kéde báyìí: bí ìkéde náà kò bá sọ iṣẹ́ ilé-ìkàwé kan pàtó tí wọ́n máa fi hàn yín, ẹ jẹ́ kó kọjá.)

Bí ó bá jẹ́ pé ìdàrúdàpọ̀ kátálọ́ọ̀gù ni ìṣòro yín, orúkọ òǹkọ̀wé kan tí wọ́n kọ ní ọ̀nà márùn-ún, ẹ lọ sí Library Carpentry, ètò tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹ̀kọ́ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìwé-àṣẹ CC BY tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó, kó tún un ṣe, kó fi kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ OpenRefine, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí a fi ń tún àkọsílẹ̀ tó dàrú ṣe, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ àkọsílẹ̀ ìwé yín jáde láti inú sọ́fítíwíà ilé-ìkàwé bíi CSV (fáìlì tábìlì lásán), ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kan tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn, ẹ ṣí ìkejì nínú OpenRefine. Ibi tí ó ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹ bá ń gbé fáìlì wọlé: bí ẹ kò bá yan UTF-8, ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó gba àmì orí àti ìsàlẹ̀, gbogbo lẹ́tà tó ní àmì á di hóró-hòrò tí kò ṣeé kà. Lẹ́yìn náà, lórí ọ̀wọ̀n òǹkọ̀wé, ẹ yan Text facet, kí ẹ tẹ Cluster. Á kó orúkọ tó jọra síbì kan, á bi yín bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ má yára tẹ Merge, tó ń sọ wọ́n di ọ̀kan, o. Ọ̀nà tó ń kọ́kọ́ lò, tó ń jẹ́ fingerprint, máa ń sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, á yọ àmì ìdánudúró, á to ọ̀rọ̀ ní ABD, á sì yọ àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà kúrò kó tó fi wọ́n wéra. Ayọ̀délé àti Ayodele yóò wà pa pọ̀, ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, kí ẹ sì mú èyí tó ní àmì. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀wọ̀n àkòrí ìwé, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ náà yóò wà pa pọ̀. Bí ẹ bá tẹ Merge láìwò, ẹ ti sọ ìwé ìgbéyàwó àti ìwé oko di ìwé mọ́tò. Ìtàn gbogbo ohun tí ẹ ṣe wà lábẹ́ Undo/Redo, ẹ lè padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ kò bá tíì dá a padà sínú sọ́fítíwíà nìkan ni.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gù látìbẹ̀rẹ̀ lẹ fẹ́ kọ́, ilé-ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Library of Congress, gbé ohun èlò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ tiwọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń bá àwọn òǹkàwé ṣe, tàbí bí a ṣe ń darí ilé-ìkàwé kékeré, WebJunction ti OCLC, àjọ tí àwọn ilé-ìkàwé káàkiri ayé jọ wà nínú rẹ̀, ní kọ́ọ̀sì àti wẹ́bínà tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń fúnni ní sáàtífíkéètì. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá wà ní orílẹ̀-èdè tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Research4Life, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti jẹ́ kí jọ́nà olówó iyebíye dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lágbára owó rẹ̀, ẹ forúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀ lé e kò gba owó. Lórí ẹ̀tọ́ àwòkọ, Creative Commons ní ètò ìwé-ẹ̀rí ọlọ́sẹ̀ mẹ́wàá fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé. Kíláàsì pẹ̀lú olùkọ́ ń gba owó, àmọ́ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀ wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ẹ kà á tán ná, ẹ óò wá mọ̀ bóyá ìwé-ẹ̀rí náà tó owó rẹ̀ fún yín.

Fún kíkà, jọ́nà College & Research Libraries àti Code4Lib Journal kò gba owó, IFLA Journal náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojúlé IFLA, E-LIS sì jẹ́ àká tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí láti 2003.

Wẹ́bínà àti sáàtífíkéètì rẹ̀

Ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ìjókòó. Yàrá Zoom ní iye tó lè gbà, ó lè jẹ́ 100, 300, 500 tàbí 1,000 gẹ́gẹ́ bí ohun tí olùṣètò san. Nítorí pé ọ̀pọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ kì í wá, wọ́n máa ń gba orúkọ ju iye ìjókòó lọ. Ẹ wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Ẹ forúkọ sílẹ̀ bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní ráyè wá, torí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi líǹkì fídíò ránṣẹ́ sí. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín kò bá lágbára, ẹ pa kámẹ́rà, ẹ béèrè àwòrán ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ṣáájú, kí ẹ sì máa gbọ́ ohùn nìkan.

Ẹ̀rọ ló ń fúnni ní sáàtífíkéètì níbi púpọ̀, ẹ̀rọ kì í mọ èèyàn lójú. Bí ẹ bá fi ímeèlì iṣẹ́ forúkọ sílẹ̀, tí ẹ wá fi fóònù tó ní ímeèlì mìíràn wọlé, lójú rẹ̀ ẹ kò wá. Bí orúkọ tó wà lórí Zoom yín bá sì jẹ́ “Samsung A12”, Samsung A12 ni wọ́n máa fún ní sáàtífíkéètì. Àwọn mìíràn kì í fúnni bí ẹ bá wo fídíò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìkéde.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ara wọn: wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kirẹ́díìtì àti CEU kì í ṣe ohun kan náà. CEU (continuing education unit) jẹ́ òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí mẹ́wàá. Wẹ́bínà wákàtí kan jẹ́ 0.1 CEU. Ẹni tó bá kọ CEU kan fún wẹ́bínà wákàtí kan sínú fọ́ọ̀mù ìgbéga ti kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ìwé Excel kan tó: ọjọ́, àkòrí, olùṣètò, iye wákàtí, bóyá ojúkojú ni tàbí fídíò, orúkọ fáìlì sáàtífíkéètì, àti ohun tó yí padà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, bíi 2025-03-14_OpenRefine_wakati2.pdf, wọn á to ara wọn. Ọ̀wọ̀n tó kẹ́yìn yẹn ni ó níye lórí jù. CILIP, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè wákàtí 20 lọ́dún pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ 250 lórí ohun tí ẹ̀kọ́ náà ṣe fún iṣẹ́, lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tún oyè rẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ẹ lè lo òṣùwọ̀n yìí bí ẹgbẹ́ tiyín kò bá tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Ọ̀gá, owó, àti fódà kan

Ohun tí ẹ ń tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá ni kí ẹ yí padà. Dípò owó ìrìn-àjò, ẹ tọrọ wákàtí méjì lọ́sẹ̀ nínú àkókò iṣẹ́, fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ máa fi hàn án ní ìparí rẹ̀: “orúkọ òǹkọ̀wé inú kátálọ́ọ̀gù yóò ti wà ní ọ̀nà kan ṣoṣo.” Ojú ewé kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ jẹ́ méjì, ẹ kọ ẹni tó máa dúró ti tábìlì òǹkàwé ní wákàtí yẹn sínú rẹ̀, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín nìyẹn.

Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń sanwó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún láìsí òṣìṣẹ́ kan tó mọ̀ pé òun lè fi forúkọ sílẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń san, ẹ wo àkójọ owó náà dáadáa: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní owó tó kéré fún akẹ́kọ̀ọ́, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀, àti fún ẹni tó ń gbé lókè òkun. Fọ́ọ̀mù sábà máa ń gbé èyí tó wọ́n jù síwájú.

Èyí tó kù ni fódà kan tí kò gbọdọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ kó ìwé ìtàn iṣẹ́ olójú ewé méjì sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ 100 nípa ara yín, ọ̀rọ̀ 300 lórí ìdí tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ṣe, ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, ẹ̀rí ìsanwó ẹgbẹ́ ti ọdún yìí, fọ́tò kan, àti orúkọ ẹni méjì tó ti gbà láti kọ lẹ́tà ẹlẹ́rìí fún yín. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí ìkéde tó bá yín mu bá wá dé lọ́jọ́ tí ẹ ń ka label yín, iṣẹ́ tó kù ò ju wákàtí kan lọ, lẹ́tà ẹlẹ́rìí nìkan ni ẹ óò ṣì máa dúró dè.